Àwọn Tó Ka Ẹ̀jẹ̀ Ẹlẹ́wọ̀n Kún Ẹ̀jẹ̀

Àwọn kan wà tí a jẹ ní gbèsè ọpẹ́, tí púpọ̀ nínú wa kò sì gbọ́ orúkọ wọn rí. Ní ọdún 2008, Andrew Adjei, Henry Armah, William Ampofo àti àwọn akẹgbẹ́ wọn ní Gánà tẹ àbọ̀ ìwádìí wọn jáde nínú ìwé ìròyìn àwọn onímọ̀ ìṣègùn tó ń jẹ́ BMC Infectious Diseases. Inú ẹ̀wọ̀n ni wọ́n ti ṣe iṣẹ́ náà. Wọ́n wọ mẹ́jọ nínú olú ẹ̀wọ̀n mẹ́wàá tí àwọn ẹkùn orílẹ̀-èdè náà ní nígbà náà, wọ́n bá àwọn tí wọ́n bá níbẹ̀ sọ̀rọ̀, ẹlẹ́wọ̀n 1,336 àti wọ́dà 445 sì fínnúfíndọ̀ na apá sílẹ̀ kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ wọn. Kòkòrò HIV, àrùn mẹ́dọ̀wú oríṣi B, oríṣi C àti àrùn syphilis ni wọ́n ń wá nínú ẹ̀jẹ̀ náà. A kí wọn kú iṣẹ́. A kí wọn kú ọkàn akin pẹ̀lú, nítorí iṣẹ́ tí a kì í lu ìlù fún ni wọ́n yàn láàyò.

Ta ni ọ̀rọ̀ ẹlẹ́wọ̀n ń jọ lójú? Bí ènìyàn bá ti dé ẹ̀wọ̀n, àwùjọ a gbà pé ohunkóhun tó bá bá a níbẹ̀, ara ìyà ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ni. A a gbàgbé pé ọ̀pọ̀ àwọn tó wà níbẹ̀ ni adájọ́ kò tíì dá lẹ́bi. Àwọn tó ń retí ìgbẹ́jọ́ pọ̀ débi pé láti ọdún 2007 ni Gánà ti dá ètò Ìdájọ́ fún Gbogbo Ènìyàn sílẹ̀, tí adájọ́ fúnra rẹ̀ ń gbé kọ́ọ̀tù wọ inú ẹ̀wọ̀n lọ bá wọn. Ẹ̀wọ̀n Nsawam tí wọ́n ṣí ní 1960 fún nǹkan bí 700 ènìyàn ti gba ju 3,000 lọ. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, sídì 1.80 ni ìjọba ná lórí oúnjẹ ẹlẹ́wọ̀n kan lójúmọ́. Níbi tí àyè ti há tó báyìí, tí owó sì kéré tó báyìí, abẹ kan a máa fá ju orí kan lọ, ẹni tó fẹ́ fín ara a yá abẹ́rẹ́ ẹnìkejì rẹ̀, ẹni tó ń gún oògùn líle sára a gba síríńjì lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Bẹ́ẹ̀, kòkòrò mẹ́dọ̀wú B lè wà láàyè fún ọjọ́ méje, ó kéré tán, lẹ́yìn tí ẹ̀jẹ̀ bá ti gbẹ mọ́ irin. Èyí tí ojú kò tilẹ̀ rí lára abẹ náà ti tó láti ko àrùn ran ènìyàn.

Ohun tó wú wa lórí jù nínú iṣẹ́ yìí ni pé àwọn olùwádìí náà kò yọ wọ́dà sílẹ̀. Kí wọ́n tó dé, kò sí ẹni tó ṣe irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀wọ̀n ní Gánà. Wọn ì bá fa ẹ̀jẹ̀ ẹlẹ́wọ̀n nìkan, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé àrùn pọ̀ lára àwọn ọ̀daràn, kí gbogbo wa mi orí, kí oníkálukú sì padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó wọ aṣọ ẹ̀wọ̀n àti ẹni tó mú kọ́kọ́rọ́ dání, àwọn méjèèjì ni wọ́n bi léèrè nípa ọjọ́ orí, nípa ọkọ tàbí aya, nípa iye ọdún tí wọ́n ti lò nínú ọgbà náà àti nípa ohun tó lè ti gbé àrùn wọ ara wọn. Níbẹ̀ gan-an ni ọgbọ́n iṣẹ́ náà wà lójú tiwa. Wọ́dà ló ń la ìjà tó bá bẹ́ sílẹ̀, òun ló ń gbé ẹni tó fara gbọgbẹ́, òun ló ń tú ẹrù àti ibùsùn yẹ̀ wò níbi tí abẹ tàbí abẹ́rẹ́ lè fara pamọ́ sí. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, ilé ló ń lọ, sọ́dọ̀ ọkọ tàbí aya, sọ́dọ̀ àwọn ọmọ. Ẹni tó bá rò pé ògiri ẹ̀wọ̀n ń sé àrùn mọ́lé, kò tíì ronú kan wọ́dà.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí wọ́n rí. Nínú ọgọ́rùn-ún ẹlẹ́wọ̀n, 5.9 ló ní HIV. Nínú ọgọ́rùn-ún wọ́dà, 4.9. Ní ọdún 2003, ìwádìí ìlera tí wọ́n ṣe láti ilé dé ilé jákèjádò Gánà ti fi hàn pé 2.2 péré ni nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó wà láàárín ọdún 15 sí 49. Ẹ fi ojú inú wò ó: ní ti HIV, wọ́dà sún mọ́ ẹlẹ́wọ̀n ju bí ó ṣe sún mọ́ ará ìlú tó kù lọ. Ní ti syphilis, 16.5 ni ti ẹlẹ́wọ̀n, 7.9 ni ti wọ́dà. Mẹ́dọ̀wú B ló wá ga jù lára ẹlẹ́wọ̀n: 25.5 nínú ọgọ́rùn-ún ẹlẹ́wọ̀n ló gbé kòkòrò rẹ̀ sára, ìyẹn ẹnìkan nínú mẹ́rin. Ti wọ́dà jẹ́ 11.7.

Wọ́n tún wo bí àkókò ṣe pẹ́ sí. Láàárín àwọn ẹlẹ́wọ̀n, àwọn tó ti lo ju oṣù 36 lọ ni àwọn àrùn yìí wọ́pọ̀ lára wọn jù. Láàárín àwọn wọ́dà, àwọn tó ti lo ju ọdún 10 lọ lẹ́nu iṣẹ́ ni. Àwọn nǹkan mìíràn náà wà níbẹ̀, bí síríńjì àjùmọ̀lò, ìbálòpọ̀ tí a fi owó rà àti àìmọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà. Àwọn olùwádìí náà kò sọ àsọdùn. Wọ́n kàn sọ pé ó jọ pé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ lọ́wọ́ sí i. Òótọ́ sì ni pé ẹ̀jẹ̀ tí a fà lẹ́ẹ̀kan kò lè sọ ọjọ́ tí àrùn wọlé. Mẹ́dọ̀wú B pàápàá, ní ìhà tiwa níbí, láti kékeré ni ọ̀pọ̀ ti ń kó o, lára ìyá nígbà ìbí tàbí lára ọmọdé ẹgbẹ́ wọn. Ẹlòmíràn ti gbé e wá láti ilé kí ó tó fojú kan adájọ́. Síbẹ̀, bí ẹni tó wà nínú àti ẹni tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn irin kan náà bá ń pẹ́ níbẹ̀, tí ewu àwọn méjèèjì sì jọ ń pọ̀ sí i, kò yẹ kí ìjọba kankan ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ tán kí ó sì tì í sínú àpótí.

Kí a lè fi iye tí wọ́n rí lẹ́wọ̀n wé ti ará ìlú, Tamale ní àríwá Gánà ni a fẹ́ kí ẹ bá wa gbé ọ̀rọ̀ yìí dé. Ìlú yìí kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Ọ̀jọ̀gbọ́n J. S. Eades kọ odidi ìwé kan nípa àwọn Yorùbá oníṣòwò tó tẹ̀dó sí Tamale àti àwọn ìlú àríwá Gánà yòókù, àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ṣakí, Ìgbẹ́tì àti agbègbè wọn, tí wọ́n ná ọjà níbẹ̀ títí òfin tí ìjọba Busia ní Gánà ṣe lórí àwọn àjèjì ní oṣù Kọkànlá ọdún 1969 fi lé ọ̀pọ̀ wọn padà wálé. Ọ̀pọ̀ ìdílé ló wà ní Òkè-Ògùn lónìí tó jẹ́ pé owó Tamale ni wọ́n fi kọ́ ilé bàbá wọn. Nítorí náà, ìlera ìlú yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ará ọ̀nà jíjìn fún wa.

Ní Tamale yìí, àwọn onímọ̀ mìíràn ṣe iṣẹ́ kan tó yẹ ká gbé kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ẹ̀wọ̀n. J. T. Dongdem àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ wo ẹ̀jẹ̀ àwọn tó wá fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ ní Ilé Ìwòsàn Ìkọ́ṣẹ́ Ìṣègùn Tamale ní ọdún 2009, wọ́n sì tẹ àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 2012. Ẹni tó bá mọ ilé ìwòsàn wa yóò mọ bí nǹkan ṣe ń lọ níbẹ̀: bí aláìsàn bá nílò ẹ̀jẹ̀, ẹbí rẹ̀ ni wọ́n máa ní kó wá dá a padà. Irú àwọn bẹ́ẹ̀ ló pọ̀ jù ní Tamale náà. Àwọn tó wá fúnra wọn láìsí aláìsàn kò tó nǹkan. Nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó wá fúnra wọn, bí 10.8 ló ní mẹ́dọ̀wú B lára. Nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ẹbí, bí 11.6. Bí ẹ bá fi èyí wé ti ẹ̀wọ̀n, ẹ ó rí i pé ní ti mẹ́dọ̀wú B, wọ́dà àti ará ìlú fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ẹlẹ́wọ̀n ló ju ìlọ́po méjì wọn lọ. Láìsí iṣẹ́ báńkì ẹ̀jẹ̀ yìí, a kò ní mọ ìyẹn. Ìdí rẹ̀ nìyí tí oríyìn wa fi kan Dongdem àti àwọn ènìyàn rẹ̀ pẹ̀lú, àti àwọn òṣìṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò tí wọ́n ń jókòó ti ìgò ẹ̀jẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, tí ẹnikẹ́ni kì í béèrè wọn àfi nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá tán.

Ẹ ro ohun tí ìṣirò yẹn túmọ̀ sí nínú ilé kan. Ìyá bímọ, ẹ̀jẹ̀ ń dà, wọ́n ní kí àbúrò rẹ̀ ọkùnrin wá. Ó dé, ó na apá, wọ́n sì padà wá sọ fún un pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò ṣeé lò. Nǹkan bí ẹnìkan nínú mẹ́sàn-án ni irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ bá ní Tamale lọ́dún náà. Ẹlẹ́wọ̀n tó parí ọdún rẹ̀ lónìí, òun náà ni wọ́n lè ránṣẹ́ pè lọ́la pé kó wá fún ìyá rẹ̀ lẹ́jẹ̀. Bí a bá jẹ́ kó kó àrùn nínú ẹ̀wọ̀n, ará ìlú ló máa san owó rẹ̀.

Nípa ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe iṣẹ́ náà, oríyìn wa tún gbọ́dọ̀ ga sí i. Ìtàn ìwádìí lórí ẹlẹ́wọ̀n kún fún ìtìjú ní ayé yìí. Láàárín 1946 sí 1948, àwọn oníṣègùn ìjọba Amẹ́ríkà tí John Cutler ṣáájú wọn mọ̀ọ́mọ̀ fi syphilis àti àtọ̀sí sára àwọn ẹlẹ́wọ̀n, àwọn ọmọ ogun àti àwọn alárùn ọpọlọ ní Guatemala. Ọ̀rọ̀ náà fara sin títí onímọ̀ ìtàn Susan Reverby fi rí ìwé rẹ̀, Amẹ́ríkà sì tọrọ àforíjì ní ọdún 2010, nígbà tí púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ṣe níkà ti kú. Ẹlẹ́wọ̀n kò ní ibi tó lè sá sí. Bí ọ̀gá bá ní kó na apá, ta ni yóò kọ̀? Nítorí náà ni ó ṣe ṣe pàtàkì pé àwọn ará Gánà yìí fi ọ̀rọ̀ náà sí ọwọ́ ẹlẹ́wọ̀n fúnra rẹ̀. Nínú 7,652 tí wọ́n lè bá ṣe é ní ẹ̀wọ̀n mẹ́jọ náà, àwọn 1,336 tó gbà ni wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ wọn. Nínú wọ́dà 2,139, àwọn 445. Ìṣirò tó kéré yìí gan-an jẹ́ ẹ̀rí iyì: àwọn tí kò fẹ́, a kò fi dandan mú wọn. Orúkọ kò sì sí lára ìgò ẹ̀jẹ̀ kankan, kí ẹnikẹ́ni má baà lè sọ pé lágbájá inú yàrá báyìí ló ní éèdì.

Ní àkókò yẹn, bíbo orúkọ jẹ́ àánú. Ọdún 2003 ni oògùn tó ń rọ HIV lápá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dé ilé ìwòsàn ìjọba ní Gánà, ní agbègbè Manya Krobo. Ẹni tí wọ́n bá sọ fún nínú yàrá ẹ̀wọ̀n pé ó ní kòkòrò náà, ìtìjú àti ìjà ni ìbá kọ́kọ́ rí kí ó tó rí oògùn. Ṣùgbọ́n ohun tó bo orúkọ náà ló bo àbájáde: ẹ̀jẹ̀ tí kò lórúkọ kò ṣeé dá padà sọ́dọ̀ ẹni tó ni ín. Lónìí nǹkan ti yí padà. Láti ọdún 2015 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní kí ẹni tí wọ́n bá rí HIV lára rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ oògùn láìfi falẹ̀. A gbàgbọ́ pé ọ̀nà tó kàn láti bọlá fún iṣẹ́ 2008 ni kí àyẹ̀wò inú ẹ̀wọ̀n di èyí tí ẹlẹ́wọ̀n àti wọ́dà yóò gbọ́ èsì rẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀, tí oògùn yóò sì tẹ̀ lé e lọ́jọ́ kan náà.

Ohun tí a lè ṣe pọ̀ ju ti ìgbà náà lọ fíìfíì. Abẹ́rẹ́ àjẹsára mẹ́dọ̀wú B wà, ó sì ń ṣiṣẹ́. Gánà fi í kún abẹ́rẹ́ àwọn ọmọ ọwọ́ ní 2002. Ẹni tí wọ́n bí ṣáájú ọdún náà kò rí i gbà lọ́mọ ọwọ́, irú wọn ló sì pọ̀ jù lẹ́wọ̀n àti lẹ́nu iṣẹ́ wọ́dà títí di òní. Mẹ́dọ̀wú C kò ní àjẹsára, ṣùgbọ́n oògùn oníhóró tí a ń lò fún ọ̀sẹ̀ 8 sí 12 ń wo ju ẹni 95 nínú ọgọ́rùn-ún sàn pátápátá. Ní ọdún 2023, Íjíbítì, tí òun fúnra rẹ̀ ti jà raburabu lórí àrùn yìí, fi oògùn tó tó ènìyàn 50,000 ta Gánà lọ́rẹ. A kí Íjíbítì kú ìṣe àbúrò àti ẹ̀gbọ́n. A sì ń bẹ àwọn tó ń pín oògùn náà pé kí wọ́n má gbàgbé ẹ̀wọ̀n. Ibo ni a tún ti lè rí aláìsàn lọ́jọ́ tí àsìkò oògùn rẹ̀ bá tó, ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, láìwá a kiri? Ẹni tí wọ́n dá oṣù mẹ́fà fún lè lo oògùn mẹ́dọ̀wú C tán kí ó tó jáde, ó sì lè gba abẹ́rẹ́ mẹ́dọ̀wú B rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Kí a tó kúrò lórí àwọn olùwádìí Gánà yìí, ẹ jẹ́ kí a rántí ibi tí ọ̀kan nínú wọn ti jáde. Ilé ìwádìí Noguchi ní Accra, tí William Ampofo ti ṣiṣẹ́, ẹ̀bùn Japan ni, ọdún 1979 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Orúkọ Hideyo Noguchi ló ń jẹ́, onímọ̀ ìṣègùn ará Japan tó wá sí Accra láti wádìí ibà pọ́njú, tí ibà náà sì pa á níbẹ̀ ní 1928. Iṣẹ́ fífi ọwọ́ kan ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn láti mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ ní ewu tirẹ̀, àwọn tó ń ṣe é sì mọ̀.

Ní Nàìjíríà pẹ̀lú, àwọn kan ti tọ irú ọ̀nà kan náà. M. P. Adoga àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin 300 wò nínú àwọn ẹ̀wọ̀n ìpínlẹ̀ Nasarawa, wọ́n sì kéde ní 2009 pé 23 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní mẹ́dọ̀wú B, 18 ló ní HIV. Ó jọ ti Gánà nínú mẹ́dọ̀wú, ó burú jù ú lọ nínú HIV. A kí àwọn náà. A fẹ́ kí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wọ Agodi, kó wọ Kírìkírì, kó wọ Ìlésà, kí wọ́n sì fa ẹ̀jẹ̀ wọ́dà ibẹ̀ náà bí wọ́n ṣe ṣe ní Gánà.

Ní 2015, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fi orúkọ Nelson Mandela sọ àwọn òfin lórí bí a ṣe ń tọ́jú ẹlẹ́wọ̀n. Mandela fúnra rẹ̀ ṣàìsàn ikọ́ ẹ̀gbẹ nígbà tó wà lẹ́wọ̀n Pollsmoor ní 1988. Òfin kẹrìnlélógún níbẹ̀ sọ pé ìjọba ló ni ẹrù ìlera ẹlẹ́wọ̀n, àti pé ìtọ́jú rẹ̀ kò gbọdọ̀ rẹlẹ̀ sí ti ará ìlú. Gánà àti Nàìjíríà wà nínú àjọ náà. Adájọ́ ń dá ènìyàn lẹ́wọ̀n ọdún méjì. Kò sí ìwé òfin kankan ní ilẹ̀ méjèèjì tó dá a lẹ́wọ̀n mẹ́dọ̀wú.

Ẹ̀yin olùwádìí, ẹ ṣeun. Ẹ̀yin ẹlẹ́wọ̀n tí ẹ na apá sílẹ̀ láìretí nǹkan kan, ẹ ṣeun jù, nítorí ẹ̀jẹ̀ yín la fi mọ ohun tí a mọ̀. Ẹ̀yin wọ́dà tí ẹ gbà kí wọ́n yẹ̀ yín wò bí wọ́n ṣe yẹ ẹni tí ẹ ń ṣọ́ wò, ẹ kú ìgboyà.

Sí ìjọba Gánà àti ilé iṣẹ́ ẹ̀wọ̀n rẹ̀, ẹ̀bẹ̀ wa kò gùn: ẹ fún gbogbo wọ́dà àti gbogbo ẹlẹ́wọ̀n tó bá fẹ́ ní abẹ́rẹ́ mẹ́dọ̀wú B, bẹ̀rẹ̀ láti Tamale títí dé Nsawam, ẹ fún oníkálukú ní abẹ tirẹ̀. Sí ẹ̀yin ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá tí ẹ máa ń lọ kí ẹlẹ́wọ̀n nígbà ọdún pẹ̀lú ìrẹsì àti ọṣẹ, ẹ fi páálí abẹ ìfárí kún ẹrù yín, kí ẹ sì mú nọ́ọ̀sì kan dání. Ìwọ tó ń ka ìwé yìí, bí wọn kò bá tíì yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ wò fún mẹ́dọ̀wú B rí, lọ ṣe é lọ́sẹ̀ yìí, kí o sì mú ẹni tí ẹ jọ ń gbé lọ́wọ́ lọ.